Bíà yẹn ò burú, bẹ́ ẹ ṣe mu ún ló burú

Ọ̀gá Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kan ń yún mi lọ́fun láti ìgbà tí mo ti ka ìwé ìròyìn yín tó jáde kẹ́yìn, mo fẹ́ gbé e mì ṣùgbọ́n kò gbé mì. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn yín ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun tọ́ bíà IPA (India Pale Ale) kan wò, ti àwọn apọntí kéékèèké, irú èyí tí wọ́n da họ́ọ̀pù (ohun tó ń mú bíà korò) sí bí ẹni pé wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, ó wá fún un ní máàkì 2 nínú 10. Kí ló ṣe? Ó ní ó korò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi (tàbí àbúrò, mi ò mọ ọjọ́ orí wọn, kí wọ́n má bínú), ṣé èèyàn á lọ wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ tán á tún wá máa ráhùn pé àwọn tó wà níbẹ̀ ń lu ara wọn?

Mi ò ní kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ o. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé "èmi ò fẹ́ràn ẹ̀," ọ̀rọ̀ bùṣe, ẹnu wọn ni, ta ló máa bá wọn jà. Àmọ́ máàkì yàtọ̀ sí ohun tó wu ẹnu. Tẹ́ ẹ bá ti gbé máàkì síta, ohun tí ẹ̀ ń sọ fún àwa tí à ń kàwé yín ni pé ẹ mọ ohun tí apọntí yẹn ń lé, ẹ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọwọ́ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ àbí kò tẹ̀ ẹ́. Bíà tí wọ́n pọn kó lè korò, tó sì wá korò dáadáa, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nítorí àwọn tí ò mọ họ́ọ̀pù. Òdòdó ni. Ewéko kan ló ń yọ ọ́ tó máa ń fà gun okùn lọ sókè réré, abo ẹ̀ nìkan làwọn apọntí ń wá. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ la òdòdó yẹn sí méjì ẹ máa rí nǹkan yẹ́lò kan bí ìyẹ̀fun nínú ẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, lúpúlínì ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà (tẹ́ ẹ bá ní ajá nílé ẹ má jẹ́ kó débẹ̀ o, họ́ọ̀pù máa ń ṣe ajá léṣe, ó lè pa á). Ásíìdì kan wà nínú lúpúlínì yìí tí wọ́n ń pè ní alpha, òróró tó ń ta sánsán náà sì wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì ò fẹ́ nǹkan kan náà. Ásíìdì yẹn fẹ́ iná. Ó gbọ́dọ̀ bá omi mọ́ọ̀tì (ọkà tí wọ́n mú hù kí wọ́n tó sá a gbẹ) hó fún bíi wákàtí kan kó tó yíra padà, ìgbà tó bá yíra padà tán ló máa ń yọ́ wọnú bíà tá á sì máa korò. Òróró ní tiẹ̀ ò fẹ́ iná rárá, ooru ló ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí apọntí tó mọ iṣẹ́ fi máa ń pín họ́ọ̀pù ẹ̀: á da díẹ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀ fún kíkorò, á dá díẹ̀ sí di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí bíà bá wá ti tutù tí ìwúkàrà sì ti ń parí iṣẹ́ ẹ̀, á tún da òbítíbitì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Dry hopping ni wọ́n ń pe ìkẹyìn yìí, torí òórùn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣé ẹ wá rí i báyìí, ẹni tó mu IPA láì gbóòórùn ẹ̀, ìdajì iṣẹ́ apọntí ló fò kọjá.

Akọ̀ròyìn yín ò sì gbóòórùn kankan, torí àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ pé inú fíríìsà làwọn ti mú un jáde, pé oòrùn ń mú gan-an, pé ẹnu ìgò làwọn ti mu ún, "gbùrù kan." Háà. Òtútù máa ń mú ahọ́n kú tipiri, kì í sì í jẹ́ kí òórùn dìde kúrò nínú ọtí, ohun tó máa ń ṣẹ́ kù ni kíkorò tí ò ní alábàárìn. Bíà tó bá ti ní họ́ọ̀pù báyìí, ìwọ̀n digírì 8 sí 12 ló dáa jù fún un, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ gbé e kúrò nínú fíríìjì kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá dà á sínú gíláàsì, kẹ́ ẹ má kún un o, kí àyè wà fún òórùn láti kóra jọ, kí gíláàsì náà sì mọ́ tónítóní torí òróró tàbí ọṣẹ díẹ̀ ti tó láti pa fóòmù ẹ̀. Imú ló kọ́kọ́ máa ń mu bíà, ẹnu ń tẹ̀ lé e ni. Tẹ́ ẹ bá sì ti fi sẹ́nu, ẹ gbé e mì, ẹ má tu ú dànù bíi tàwọn tó ń tọ́ wáìnì wò, ẹ wá dákẹ́ kẹ́ ẹ máa retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, torí kíkorò kì í tètè dé, kì í sì í tètè lọ.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ahọ́n nìkan lèèyàn fi ń mọ̀ pé nǹkan korò. Rárá o. Irọ́ àwòrán ahọ́n tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé nìyẹn, gbogbo ibi tí nǹkan ìtọ́wò wà lórí ahọ́n ló lè mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé ahọ́n ò dọ́gba, nǹkan bí oríṣi 25 ni ohun tó ń gba kíkorò mú lára èèyàn, àbímọ́ni sì wà níbẹ̀ dáadáa, ohun tó ń korò bíi jogbo lẹ́nu ẹnì kan lè má ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan. Bóyá akọ̀ròyìn yín wà lára àwọn tí ahọ́n wọn mú, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún wa ká lè mọ ìwọ̀n tí à ń gbà wọ́n gbọ́ dé.

Ìtàn tí wọ́n sọ pé torí ọ̀nà òkun sí Íńdíà ni wọ́n ṣe dá IPA sílẹ̀, kí bíà má bàa bàjẹ́ lọ́nà, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, kì í sì í ṣe òótọ́ bó ṣe wà yẹn. Bíà dúdú tí wọ́n ń pè ní porter náà ń dé Íńdíà láì bàjẹ́ nígbà yẹn. Hodgson tó ń pọntí ní Bow ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé ìtòsí ibi táwọn ọkọ̀ Íńdíà ń gúnlẹ̀ sí ni ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà, ó sì ń tà á láwìn fáwọn ọ̀gá ọkọ̀, lẹ́yìn náà làwọn apọntí ará Burton, ìlú míì ní Íńgíláǹdì, gba ọjà ọ̀hún mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọdún 1820 sí 1830. Òótọ́ ni pé họ́ọ̀pù kì í jẹ́ kí bíà tètè bàjẹ́, Hildegard, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará Jámánì, ti kọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn. Àmọ́ èyí tí akọ̀ròyìn yín mu, tó ń rùn bí ọsàn àti igi páìnì, Amẹ́ríkà ló ti wá. Họ́ọ̀pù Cascade tó jáde ní 1972 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ilé ìpọntí Sierra Nevada fi pọn Pale Ale tiwọn ní 1980, nígbà tó di 1994 apọntí kan, Vinnie Cilurzo, ní California wá da họ́ọ̀pù sí tiẹ̀ ní ìlọ́po méjì, látìgbà yẹn ni kò ti sẹ́ni tó lè dá wọn dúró mọ́.

Mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la ra bíà kan náà, orúkọ kan náà, agolo kan náà, nígbà tá a wá yí ìdí ẹ̀ wò la rí i pé ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú agolo yàtọ̀, ọ̀kan ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, èkejì ti pé oṣù mẹ́jọ. Mo ní kó bá mi dà wọ́n sí gíláàsì méjì kó má sọ èwo ni èwo. Àkọ́kọ́, kí n tó gbé e dé imú ni ọsàn gérépù ti ń pè mí, páìnì wà níbẹ̀, máńgòrò díẹ̀, fóòmù funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì bí mo ṣe ń mu ún lọ, adùn mọ́ọ̀tì ò ju bó ṣe yẹ lọ, ó kàn gbé kíkorò dúró ni, kíkorò náà mọ́, ó ṣe ṣákálá lọ́nà ọ̀fun. Èkejì, ẹ̀yin èèyàn mi! Òórùn páálí tó rẹ sómi ni. Àwọ̀ ẹ̀ ti ṣú, ọsàn ti lọ, ó wá ń dùn bí oyin tó ti pẹ́, kíkorò ṣì wà ṣùgbọ́n ó ń há ọ̀fun bí ìgbà téèyàn gbé èèpo igi mì. Afẹ́fẹ́ ló bà á jẹ́, afẹ́fẹ́ àti àkókò, họ́ọ̀pù ò ní sùúrù bíi ti wáìnì. (Ìmọ́lẹ̀ náà burú fún un, tẹ́ ẹ bá gbé ìgò aláwọ̀ ewé tàbí funfun síbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, kò ní pẹ́ tá á fi máa rùn ṣìnkìn, ìgò búráùn gbà á díẹ̀, agolo ló dáa jù.)

Mo wá fún wọn ní máàkì bí àwọn adájọ́ BJCP ti ń ṣe é, àwọn tó ti wà lẹ́nu dídá ẹjọ́ bíà láti 1985. 50 ni gbogbo ẹ̀: òórùn 12, ìrísí 3, adùn 20, bó ṣe ń ṣe lẹ́nu 5, bó ṣe rí lápapọ̀ 10. Ẹ wò ó pé òórùn àti adùn nìkan ti kó 32, ìrísí ò ju 3 lọ. Àkọ́kọ́ gba 10, 3, 16, 4 àti 8 lọ́wọ́ mi, ó jẹ́ 41. Èkejì gba 4, 2, 9, 3 àti 4, ó jẹ́ 22. Bíà kan náà o! Ọ̀rẹ́ mi ò kọ́kọ́ gbà, ó ní mò ń ṣe fọ́ọ̀mù, ìgbà tó gbóòórùn méjèèjì fúnra ẹ̀ ló panu mọ́. Akọ̀ròyìn yín sì kọ ojú ìwé odidi kan láì sọ ọjọ́ tí wọ́n rọ bíà yẹn. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. 2 nínú 10 tí wọ́n fún un yẹn, 10 nínú 50 nìyẹn, àwọn adájọ́ tí mò ń wí yìí kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 13, àní bí bíà bá ti bàjẹ́ tó ń rùn.

Kí wọ́n má baà ní mò ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan ṣá, àwa tá a fẹ́ràn họ́ọ̀pù náà ní wàhálà tiwa. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n ń mu, wọn ò mu bíà. IBU ni nọ́ńbà yẹn, ó ń sọ ìwọ̀n ohun kíkorò tó wà nínú lítà kan, IPA Amẹ́ríkà sábà máa ń wà láàárín 40 sí 70, èyí tó jẹ́ ìlọ́po méjì lè dé 100. Ẹ máa gbọ́ tẹ́nì kan ń yangàn pé 120 lòun mu lánàá, bẹ́ẹ̀ ahọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ mọ́ tó bá ti kọjá ibì kan, mọ́ọ̀tì tó pọ̀ sì lè bo 70 mọ́lẹ̀ kó dà bíi 40. Irú wọn ló máa ń fún gbogbo ohun tó bá ṣáà ti korò ní 10 nínú 10. Èmi ò sí níbẹ̀. Bíà tó korò tí ò ní nǹkan míì, mo máa ń já máàkì ẹ̀ wálẹ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gbàgbé pé ọtí inú ẹ̀ ju ti lager tẹ́ ẹ mọ̀ lọ, 5.5 sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po méjì ń lọ sí 10, torí náà gíláàsì kékeré ni ká fi tọ́ ọ wò, ẹni tó mu mẹ́rin ò lè dá ẹjọ́ ìkarùn-ún.

Ọ̀gá Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n tún un tọ́ wò: kí wọ́n wo ọjọ́ tó wà lára ìgò, kí wọ́n jẹ́ kí òtútù ẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kí wọ́n dà á sí gíláàsì, kí wọ́n gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kan ẹnu. Tó bá tún jẹ́ 2 ló gbà, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ṣèlérí pé màá kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù o, kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Èmi ni òǹkàwé yín tí ò lè panu mọ́.