Ẹ Kọ Gbẹ̀gìrì Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Kọ́ Hòtẹ́ẹ̀lì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ẹnìkan kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yín pé kí àlejò òkè òkun tó lè máa ya wọ Ọ̀yọ́ Aláàfin, àfi kí á kọ́kọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́wàá, odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti ilé ìtajà ńlá bíi ti Dubai. Mo fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà dópin. Èrò tèmi yàtọ̀, mo sì ní ìdí.

Alámàlà ni mí, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Ìdí ààrò ni ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà, owó ọbẹ̀ ni mo sì fi rán àwọn ọmọ mi lọ sílé ìwé. Ọ̀kan nínú wọn di nọ́ọ̀sì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bologna ní ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tó bímọ, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Ẹni tó lọ wẹ ọmọ kì í kúkú jókòó sílé láti òwúrọ̀ dalẹ́. Tí ọmọ bá ti sùn, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún èèyàn.

Àwọn èèyàn wa tó bá ti Ítálì dé, Róòmù ni wọ́n máa ń ròyìn, tàbí Venice tí ilé rẹ̀ wà lójú omi. Ẹ ò ní gbọ́ Bologna lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ àgbà ìlú ni. Ọdún 1088 ni wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì rẹ̀ sí, òun ni wọ́n sì ń pè ní àkọ́bí gbogbo yunifásítì Yúróòpù. Àwọn ará Ítálì máa ń fi ìlú náà ṣeré pé ó kàwé, ó pupa, ó sì sanra. Ìwé rẹ̀ ni yunifásítì yẹn. Pípupa rẹ̀, bíríkì tí wọ́n fi kọ́lé ni. Sísanra rẹ̀, ìyẹn oúnjẹ rẹ̀, ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Títì tí a bá yà sí, iwájú ilé ní òpó, òpó ní òrùlé lórí, abẹ́ rẹ̀ sì ni gbogbo ayé ń gbà kọjá. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jáde, gèlè mi kò sì tutù. Ọmọ mi ní tí wọ́n bá so gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà mọ́ra wọn, yóò tó kìlómítà 62. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn kò gùn tó bẹ́ẹ̀! Ó ní láyé àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju ilé lọ, àwọn onílé wá ń na yàrá òkè jáde sójú títì, wọ́n ń fi òpó igi gbé e dúró. Ìlú ìbá ní kí wọ́n wó o. Kàkà bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1288, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ń kọ́lé gbọ́dọ̀ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀, kó sì ga tó kí ẹlẹ́ṣin lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì sọ̀ kalẹ̀. Onílé ló ni ilẹ̀, onílé ló ń tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀. Lọ́dún 2021, UNESCO kọ àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Olóòtú, ẹ̀rín pa mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kẹ̀? Agbo ilé tí wọ́n bí mi sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yí i ká. Níbẹ̀ la ti ń lọ ata, níbẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń parí ìjà orogún, níbẹ̀ ni àlejò ti ń mu omi kí ó tó jíṣẹ́. Ààfin Aláàfin ní kọ̀bì, ìyẹn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀. Kí la fi tiwa ṣe? A fi bíríkì dí i, a sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, a wá ń fi oòrùn lu àlejò láti ọjà dé ibùdókọ̀. Ẹni tó ń wá hòtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́wàá kò rí èyí sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Luca, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4. Orúnkún mi kò gbà, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò la wọ̀. Ilé gogoro méjì wà láàárín ìlú, Asinelli àti Garisenda. Asinelli ga tó mítà 97, àtẹ̀gùn 498 ló wà nínú rẹ̀. Garisenda kúrú, ó sì ti tẹ̀ gan-an. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n ti ti ibẹ̀ pa, tí wọ́n fi nǹkan yí i ká kí ó má baà wó lu èèyàn. Ìsàlẹ̀ ni mo ti wo méjèèjì, ó tó mi. Ní ojúde ìlú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì San Petronio wà níbẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1390. Wọ́n fi òkúta mábù bo iwájú rẹ̀ dé ìdajì, òkè jẹ́ bíríkì lásán títí dòní. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé tó bá jẹ́ nílé ni, a ó mọ kọngílá tó kówó lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ojúde yẹn ni ọjà wọn wà, Quadrilatero. Títì tóóró-tóóró ni, orúkọ iṣẹ́ sì ni títì ń jẹ́: títì àwọn ẹlẹ́ja àtijọ́, títì àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, títì àwọn aláṣọ. Ọjà náà ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn, wọn kò kó o lọ sẹ́yìn odi. Ẹja lórí yìnyín, èso, búrẹ́dì, wàràkàṣì tó tóbi ju ọmọrí ìkòkò àmàlà mi lọ. Wọ́n sì so ẹran kọ́ láti òkè ilé wálẹ̀.

Ibi ẹran yẹn ni ọ̀rọ̀ ti dé. Mùsùlùmí ni mí, mo ti lọ Mẹ́kà, ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọ ẹnu mi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni pé ìlú ẹlẹ́dẹ̀ ni Bologna. Mortadella, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ tí wọ́n há sínú awọ tó tóbi ju itan mi lọ, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí. Láti ọdún 1661 ni kádínà ìjọ Kátólíìkì kan tó ń jẹ́ Farnese ti ṣòfin lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é. Tortellini wọn, ìyẹn ìyẹ̀fun kékeré tí wọ́n ká mọ́ ẹran tí wọ́n sì sè nínú omi ẹran adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo jẹ ni àbúrò rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ (ẹ má bi mí bí àbúrò ṣe tóbi ju ẹ̀gbọ́n), tortelloni. Wàràkàṣì rírọ̀ ló wà nínú èyí, bọ́tà ni wọ́n dà lé e lórí, pẹ̀lú ewé kan tí òórùn rẹ̀ rán mi létí ẹfinrin. Ó dùn. Iyọ̀ rẹ̀ kéré, ata kò sí, ṣùgbọ́n ó dùn.

Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé ọmọ mi. Kò gbọ́ èdè mi, n ò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n alásè mọ alásè. Ó pè mí wọlé, ó da ìyẹ̀fun sórí pákó, ó gbẹ́ ihò sí àárín rẹ̀, ó fọ́ ẹyin sí i, ẹyin kan fún gíráàmù ìyẹ̀fun 100. Ó pò ó, ó fi aṣọ bò ó kó sinmi, ó wá fi igi gígùn kan yí i títí tó fi fẹ̀ bo gbogbo pákó. Ó gbé e sókè sí fèrèsé fún mi wò. Ọmọ mi ní òwe wọn ni pé ìyẹ̀fun yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn á fi rí òkè San Luca. Ọwọ́ obìnrin yẹn kò gbọ̀n. Mo kí i dáadáa. Àwọn obìnrin tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ní Bologna ní orúkọ tiwọn, sfogline, wọ́n sì ń jókòó sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí àwọn tó ń kọjá lè máa wò wọ́n. Èmi nílé, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ro àmàlà, bí ẹni tó ń sá fún gbèsè.

Nígbà tó gé ìyẹ̀fun yẹn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí í ṣe tagliatelle, ni ọmọ mi wá sọ èyí tó mú mi dákẹ́. Ó ní ìbú rẹ̀ wà nínú ìwé. Lọ́dún 1972, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò Bologna, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú pé tó bá jiná, mìlímítà 8 ni kó fẹ̀. Wọ́n fi wúrà ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ síbẹ̀! Wọ́n tilẹ̀ ní bí a bá pín gíga Asinelli sí ọ̀nà 12,270, ìpín kan ni ìbú tagliatelle. Lọ́dún 1974, wọ́n kọ ti tortellini sílẹ̀. Lọ́dún 1982, ó kan ọbẹ̀ wọn, ragù: ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, sẹ́lẹ́rì, tòmátò, wáìnì, kó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Lọ́dún 2023, wọ́n tún ìwé náà yẹ̀ wò, wọ́n kọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ síbẹ̀. Aáyù wà lára wọn. Sùpàgẹ́tì tí gbogbo ayé ń pè ní ti Bologna, àwọn ọmọ Bologna kò kà á mọ́ oúnjẹ ìlú wọn.

Àwọn kan lè sọ pé oúnjẹ tí a bá ti kọ sínú ìwé ti kú. N ò gbà. Ọmọ mi ń se ragù nílé láìsí ẹlẹ́dẹ̀, láìsí wáìnì, ẹran màlúù nìkan, kò sì sí ọlọ́pàá tó wá kan ilẹ̀kùn. Ohun tí ìwé yẹn ń ṣe ni pé àlejò mọ ohun tó wá jẹ, ọmọ ìlú sì mọ ohun tó yí padà sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe wàràkàṣì Parmigiano náà nìyẹn. Mílíìkì tó tó lítà 550 ló ń wọ ọ̀kan ṣoṣo, yóò jókòó lórí pákó fún oṣù 12 ó kéré tán, ẹnìkan á wá fi òòlù kékeré gbá a lára kó lè gbọ́ bóyá inú rẹ̀ dá. Àwa ní wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi oje ewé bọmubọmu mú dì, tí wọ́n ń gbé wá sọ́jà ní òwúrọ̀. Ta ló ti bi wọ́n léèrè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é?

Kì í ṣe pé ohun gbogbo dára lọ́hùn-ún o. Ọmọ mi ní owó ilé ti wọ́n kọjá àlà nítorí àlejò pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò rí yàrá gbà láàárín ìlú. Mo rí ṣọ́ọ̀bù tó tò léra wọn tó jẹ́ mortadella kan náà ni wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò. Ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ọ̀yọ́. Àlejò dé, ó wo ààfin, ó bá àwọn tó ń fín igbá ya fọ́tò, ó ra tìmùtìmù aláwọ, ó wo àwọn tó ń gbẹ́ ìlù. Ebi wá pa á. Ibo ni wọ́n ń mú un lọ? Ibi ìrẹsì àti adìyẹ díndín, tó jẹ́ pé bákan náà ló rí ní Èkó. Ibi àmàlà tó bá sì bọ́ sí, kò dá a lójú pé gbẹ̀gìrì ni wọ́n bù fún un. Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n ń po ìyẹ̀fun mọ́ ọn kó lè ki. Wọ́n ń da ewédú sínú ẹ̀rọ ìlọta bí ẹni pé ìjábẹ̀ ti tán lọ́jà. Ọjà Akẹ̀sán jóná ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìjọba tún un kọ́, a dúpẹ́. Bí gbẹ̀gìrì bá jóná, ta ni yóò tún un kọ́?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba bílíọ̀nù. Kí ìyálọ́jà pe àwa alámàlà jọ, kí ààfin rán ẹnìkan wá, kí ìjọba ìbílẹ̀ rán akọ̀wé tó mọ Yorùbá kọ. Kí á gbé ìkòkò kaná lójú gbogbo wọn. Kí akọ̀wé kọ irú ẹ̀wà tó jẹ́, bí a ṣe ń bó èèpo rẹ̀, ìgbà tí ìjábẹ̀ ń wọ̀ ọ́, bí a ṣe ń sẹ́ ẹ, iye irú, iye epo, ata gígún. Tí gbẹ̀gìrì bá tán, kí ó kan ewédú, lẹ́yìn náà àmàlà, láti orí bí a ṣe ń ku èlùbọ́ dé orí bí omorogùn ṣe ń rìn. Kí á lu òǹtẹ̀ sí i, kí á fi sí ibi tí àlejò lè rí i. Kí á sì fún àwa alásè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tó ní òpó àti òrùlé, kí á máa ro àmàlà níbi tí ojú ti lè tó wa.

Mo mọ̀ pé orí káún ni ìjà yóò ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fi sí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀. Èmi kò ní fọwọ́ sí ìwé tí káún bá wà nínú gbẹ̀gìrì rẹ̀. Ewédú ló ni káún. Bí àwọn ará Ṣakí bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n lọ kọ tiwọn sílẹ̀ ní Ṣakí.

Èmi ni tiyín,
Alhaja Alámàlà,
Ọ̀yọ́ Aláàfin.