Ẹ̀sùn lórí ètò dátà akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ tà fún mi

Ṣakí,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Alákòóso Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi lẹ́tà yìí fẹjọ́ ètò dátà akẹ́kọ̀ọ́ tí mo rà lọ́wọ́ yín ní ₦3,500, èyí tí ẹ polówó lórí rédíò pé ẹni tó bá rà á yóò máa fi ọgbọ̀n ọjọ́ kẹ́kọ̀ọ́ lórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìná kọ́bọ̀ mìíràn. Tíṣà ni mí, mo sì ń kàwé gboyè láti ọ̀nà jíjìn. Fóònù ọwọ́ mi ni kíláàsì mi.

Lóru ọjọ́ kẹrin, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo ṣí fídíò ẹ̀kọ́ kan. Olùkọ́ ń ya àtẹ sójú pátákó. Ó kọ ìlà kejì tán, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè láti kọ ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sókè bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ yín ló tẹ̀lé e pé dátà mi ti tán. Mo tún ra ti ₦1,000 kí n tó lè parí rẹ̀.

Nígbà tí mo pè yín, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn (ọmọlúàbí ni, n kò bá a jà) ṣàlàyé pé ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ètò náà gbé; pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ni mo ti tẹ fídíò náà, orí YouTube ló wà gan-an, YouTube kò sì sí nínú àdéhùn. Ìyẹn ni pé ojúewé tí a ti ń ka orúkọ kọ́ọ̀sì lásán ni ẹ fún wa, ẹ wá ń gbowó lórí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohùn olùkọ́ nìkan, bí a bá fi 64 kilobits gbé e ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò lè jẹ tó 30 MB ní wákàtí kan. Fídíò ló ń jẹ dátà, ẹ̀yin tí ẹ ń tà á sì mọ èyí jù mí lọ.

Ní 1971 tí Open University, yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni, tẹlifíṣọ̀n àti rédíò BBC ló ń gbé ẹ̀kọ́ wá bá akẹ́kọ̀ọ́ nílé, kò sì sí ẹni tó ń já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ dá ₦4,500 mi padà, kí ẹ sì sọ ohun tí ètò náà kò gbé nínú ìpolówó yín, ní èdè Yorùbá tí ẹ fi polówó rẹ̀. Ẹ̀rí ìsanwó wà nínú àpòòwé yìí. Bí n kò bá gbúròó yín láàárín ọjọ́ 14, n ó pe NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, lórí 622.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín láti 2016.