Ta ni ẹ bi léèrè kí ẹ tó wá kó àwọn ọmọ wa kéékèèké?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ya ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa kan ní òpópónà Bissonnet, ní Houston níbí, láti ra èlùbọ́. Kí n tó jáde, wọ́n ti fi ìwé pélébé kan há abẹ́ wáípà mọ́tò mi. Àwòrán ọmọ kékeré kan ló wà lára rẹ̀, ó wọ yúnifọ́ọ̀mù tó mọ́ fínnífínní, ó káyín iwájú méjì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé àyè ti ṣí láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kíláàsì kejì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tètè wá forúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ilé-ìwé charter kan ni, ìyẹn ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí owó ìjọba ń gbé ró, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ aládàáni ń darí pẹ̀lú ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀. Àwọn tí a mọ̀ mọ́ àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú ni, tí wọ́n wá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké báyìí. Mo wo àdírẹ́sì. Òdìkejì títì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ìbejì mi ń lọ ni. Mo yí ẹ̀yìn ìwé náà wò, àṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pe ìpàdé àdúgbò lórí ọ̀rọ̀ náà ni. Ìforúkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìpàdé kò tíì wáyé.

Ta ni wọ́n bi léèrè?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra charter o. Ọmọ mi àgbà, ọ̀kan nínú wọn ló ti jáde. Kíláàsì kẹfà ló ti wọlé síbẹ̀, ó parí, ó wọ yunifásítì, mo sì jó lọ́jọ́ náà títí gèlè fi bọ́ lórí mi. Mo mọ iṣẹ́ wọn. Tíṣà wọn a máa gbé fóònù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọmọ ọdún mọ́kànlá tó lè jí ní aago márùn-ún lọ dúró de bọ́ọ̀sì, ọ̀tọ̀ ni ọmọ ọdún márùn-ún tó ń sunkún bí okùn bàtà rẹ̀ bá tú.

Mo lọ sí ìpàdé náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi sí. Ẹ jọ̀ọ́, òbí wo ló ń jókòó sílé ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní tèmi, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Ibi iṣẹ́ ni mo ti gba ibẹ̀ lọ tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, oorun ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀. Àwa òbí ò pé ogún. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn jù wá lọ, gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà. Wọ́n ta máàpù ńlá kan mọ́ ògiri, àmì pupa wà lára rẹ̀ káàkiri bí ìgbà tí èéyí bá bo ọmọ lára. Ọ̀kan nínú àmì yẹn bọ́ sórí àdúgbò wa gan-an.

Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan tó wá láti Honduras sọ tirẹ̀ lédè Sípáníìṣì, kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, wọ́n ní ó ṣeun. Nígbà tó kàn mí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: ta ni ẹ bi léèrè kí ẹ tó gba ilẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó sáàárín wo fóònù rẹ̀, ó ní àwọn mọrírì ọ̀rọ̀ mi. Aago ìṣẹ́jú méjì dún.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ìpàdé yẹn ló lé oorun lọ lójú mi. Láti 1995 ni òfin charter ti wà ní Texas. Ẹgbẹ́ tuntun tó bá ń wá ìwé-àṣẹ, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, àwọn ènìyàn 15 tí a dìbò yàn, lágbára láti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ìwé-àṣẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó kàn fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí i, tàbí tó fẹ́ fi kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké kún tàwọn àgbà, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ tí gómìnà yàn ló ń fọwọ́ sí i. Ìbò wa kò dé ibẹ̀. Òfin ní ìwé-àṣẹ kò gbọdọ̀ ju 305 lọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé wọ́n fi odi yí i ká. Odi wo? Ìwé-àṣẹ kan ṣoṣo lè bí ẹ̀ka rẹpẹtẹ, òfin ò ka àwọn ẹ̀ka náà mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ tó ń darí charter fúnra rẹ̀ ńkọ́? A kì í dìbò yàn wọ́n. Ọ̀nà wo ni a wá fẹ́ gbà bá wọn wí?

Àwọn ọ̀gá tó wà ní Austin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, á ní owó ló ń tẹ̀lé ọmọ. Ó ń tẹ̀lé e lóòótọ́, iye ọmọ tó bá wá sílé-ìwé lójoojúmọ́ ni ìjọba sì ń kà. Láti 2019, dọ́là 6,160 ni owó ìpìlẹ̀ lórí ọmọ kan. Ní 2025, wọ́n fi dọ́là 55 kún un, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó fi màlúù ta wá lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ ká ní ogójì ọmọ rékọjá títì yẹn: owó tó lé ní dọ́là 240,000 ti lọ láàárín ọdún kan. Ogójì ọmọ ọ̀hún kò sì ní kúrò nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Mẹ́fà á lọ níhìn-ín, mẹ́jọ á lọ lọ́hùn-ún, tíṣà kò ní dín, owó iná kò ní dín. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kó máa lọ sílé, á kan tíṣà orin, á kan ẹni tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé. Bó bá di ọdún mẹ́ta, àwọn kan náà á dé, wọ́n á ní ilé-ìwé àdúgbò ti kú, ẹ jẹ́ ká tì í pa.

Àwọn charter ní bí ọmọ bá dé kíláàsì kẹfà tí kò mọ ìwé kà, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Àlàyé yìí kì í ṣe tuntun. Houston níbí ni tíṣà méjì ti dá KIPP, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ charter, sílẹ̀ ní 1994 pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún, nígbà tó sì di 2004, àwọn náà ti ń gba ọmọ kéékèèké. Mo gbà pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ pẹ̀ka ìrókò inú àgbàlá mi, ṣé kò yẹ kó kanlẹ̀kùn ni? Ìrókò tún ń fẹ́ àyè o. Láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kíláàsì kẹrin, òfin Texas kò fẹ́ kí ọmọ ju 22 lọ nínú kíláàsì kan ní ilé-ìwé àdúgbò. Charter kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin aláṣọ-kan-náà yẹn pé ọmọ mélòó ni wọ́n fẹ́ kó sí kíláàsì kan. Ó ní òun á bi ọ̀gá òun.

Àwa ará wa náà kò ṣàìlẹ́bi. Bí a bá ti gbọ́ pé kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ kí ọmọ tó lè wọlé, ojú wa á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá á máa sọ ọ́ bí ẹni gba físà pé, "Orúkọ tèmi jáde o!" Tàwọn tí orúkọ wọn ò jáde ńkọ́? Wọ́n á padà sí ilé-ìwé tí kò ní nọ́ọ̀sì mọ́. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955. Ó máa ń sọ fún wa pé ọmọ Báálẹ̀ àti ọmọ ẹlẹ́mu ló jọ ń pín tábìlì kan. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kèké fún wọn.

Ẹ gbọ́ àbá mi. Charter tó bá fẹ́ ṣí kíláàsì ọmọ kéékèèké, kí òfin kọ́kọ́ mú un wá jókòó ní yàrá ìjẹun ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó wá, ní aago méje alẹ́, kí ọ̀kan bọ́ sí Sátidé. Kí ògbufọ̀ wà níbẹ̀, ti Sípáníìṣì, ti Vietnam, ti Yorùbá, ti Ígbò. Kí wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó, níbi tí gbogbo wa ti lè fi fóònù yà á: ọmọ mélòó ní kíláàsì kan, ta ni yóò máa gbé ọmọ lọ tí yóò máa gbé e bọ̀, kí ni wọ́n á ṣe fún ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe. Lẹ́yìn náà kí àwa òbí dìbò, ọmọ kan, ìbò kan, nínú àpótí tí ojú gbogbo wa tó. Bí ìbò bá gbè wọ́n, kí wọ́n máa kọ́lé wọn, èmi gan-an á gbé omi fún bíríkìlà. Bí kò bá gbè wọ́n, kí kọmíṣọ́nnà má lè fọwọ́ sí nǹkan kan fún ọdún mẹ́ta. Mo ti rò ó dé orí ẹni tí yóò ka ìbò: àwọn obìnrin tó ń dá mọ́tò dúró kí àwọn ọmọ wa lè sọdá. Wọ́n mọ gbogbo wa, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré kọjá.

Wọ́n á ní òbí tó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ti dìbò tirẹ̀ nìyẹn. Ti ọmọ tirẹ̀ ló yàn. Ta ni ó bi léèrè nípa tàwa yòókù?

Kí wọ́n fi òfin 22 yẹn mú charter náà. Kí ìjọba sì wá owó gidi kún owó ìpìlẹ̀ tó ń san lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n tún ti lẹ ìkéde ìpàdé mìíràn mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra èlùbọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé tààrà ni mo ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sì ti bá ìyá ará Honduras yẹn sọ ọ́: ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni yóò ṣe ògbufọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Houston, Texas.