Ìpè Sí Gbogbo Ọmọ Ìlú: Ẹ Jẹ́ Ká Gba Èbúté Wa Lọ́wọ́ Koríko Omi Kí Òjò Tó Dé

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. A kí ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, a kí ẹ̀yin tó wà ní Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde, Èkó, títí dé Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Owó tí ẹ dá lọ́dún tó kọjá la fi tún òrùlé ilé ìwé ṣe, ẹ ṣeun, ọwọ́ yín ò ní í ṣá. Ọ̀rọ̀ omi la gbé dé lọ́tẹ̀ yìí: koríko omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth ti bo èbúté wa.

Ẹni tó bá ti pẹ́ tó délé kò ní í mọ èbúté mọ́. Láti ibi òpó tí a ń so ọkọ̀ mọ́ títí dé ibi tí ẹsẹ̀ kì í tó ilẹ̀, ewé tútù ló tẹ́ bí ẹní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń dẹ ìgèrè lọ. Aago márùn-ún ìdájí la tu ọkọ̀, oòrùn sì ti yọ ká tó fi àjẹ̀ ti koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ sí gbangba ọ̀sà. Ọ̀bọ̀kún wẹ́wẹ́ mẹ́rin ló bá nínú ìgèrè. Màmá kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn dà wọ́n sínú agbada.

Mo fa ìdì koríko náà kan tu. Ẹsẹ̀ ewé rẹ̀ wú róbótó, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó rì. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó rí bí irun tí ẹnì kan ò yà rí. Nígbà tí mo gbọ̀n ọ́n sínú korobá, ìgbín omi wẹ́wẹ́ já bọ́, ọmọ ẹ̀fọn sì ń lù kìtìkìtì. Irú ìgbín bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbé kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ wa ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn yẹn là ń fi ṣàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àlejò ni water hyacinth yìí. Odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ọdún 1984 ló gba odò Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin wọ Àgbádárìgì, tó fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀sà Èkó, iyọ̀ òkun máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀sà Lekki tiwa kò níyọ̀, omi odò ló ń bọ́ ọ. Omi Ọ̀ṣun tó ṣẹ̀ láti Ìgèdè-Èkìtì, tó gba Òṣogbo kọjá, ọ̀dọ̀ wa ló ń já sí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá kó lọ́nà.

Níbi ìpàdé, àwọn ọ̀dọ́ wa kan ní ká ra oògùn apakoríko, ká fọ́n ọn, kó parí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ló ti sú wọn. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ewé yìí bá kú lẹ́ẹ̀kan, inú omi ló máa rì sí, ibẹ̀ ló máa rà sí, bó bá sì ti ń rà ni yóò máa gba ọ́síjìn tí ẹja fi ń mí. Ẹja tí a ń wá gan-an la óò pa. A tún ń mu omi náà. Èso tó ti bọ́ sínú ẹrẹ̀ ńkọ́? Ó lè tó 20 ọdún níbẹ̀ kó tún hù. Ní adágún Victoria, Uganda àti Kenya tú kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ ewé rẹ̀ sórí omi láàárín ọdún 1990 sí 2000, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an, àmọ́ iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, agbára ẹgbẹ́ kò ká a.

Ohun tó ká wa ni ká fi ọwọ́ kó o, ká sì fi ebi pa á. Bí oúnjẹ bá wà fún un, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi ń di ìlọ́po méjì. Oúnjẹ rẹ̀ sì ni ìgbẹ́, omi ọṣẹ, àti ajílẹ̀ tí òjò ń wẹ̀ wálẹ̀ láti oko. Ti òkè odò kò sí lọ́wọ́ wa, ti ẹ̀yìnkùlé wa wà lọ́wọ́ wa. Ìdí nìyí tí owó ilé ìgbẹ́ àti ibi ìdàlẹ̀nù fi pọ̀ jù lọ nínú ètò yìí. Àwọn kan ti ń kùn pé koríko la ní a fẹ́ kó, kí ló kan ilé ìgbẹ́? Òun gan-an ló kàn án. Bí a bá kó koríko lónìí tí a ò gbé ìgbẹ́ kúrò létí omi, a óò tún ra bọ́ọ̀tù àti ìbọ̀wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Owó yòókù á ra bọ́ọ̀tù, ìbọ̀wọ́, ràkì eléyín irin, àti ọparun tí a óò so pọ̀ sójú omi láti dá èyí tó ń léfòó bọ̀ dúró. A óò wọ́ koríko náà jìnnà sí etí omi, ká sá a, kó di ajílẹ̀ fún oko ẹ̀gẹ́. A ò ní í fọwọ́ kan koríko ìbílẹ̀ tó wà ní apá ìlà-oòrùn èbúté, torí ibẹ̀ ni àrọ̀ ń wọ̀ lọ yé ẹyin nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kún odò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ń da oògùn oko kòkó sómi láti fi pẹja, kó ṣíwọ́. Àwọn àgbà ti pàṣẹ ọ̀rọ̀ yẹn.

Owó tí kálukú máa dá nìyí: ọkùnrin tó wà nílé, ₦10,000, obìnrin, ₦5,000. Ẹ̀yin tó wà nígboro, ₦25,000. Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba, £50. Ti Amẹ́ríkà, $70. Akẹ́kọ̀ọ́ kò san nǹkan kan. Àkáǹtì ẹgbẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ ni kí ẹ san án sí, kí oṣù Kẹta tó parí, kí ẹ sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ akápò. A óò ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sókè ní gbogbo ìpàdé.

Ẹni tí owó kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kẹrin la bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, àwọn ìyá wa máa dáná. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń pọnmi la óò kọ́kọ́ ṣí.