Lẹ́tà sí àbúrò mi Bọ́sẹ̀ ní Ìkòròdú

Bọ́sẹ̀ mi,

O kú iṣẹ́ ìwé o. Mo gbọ́ voice note tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, tó o ní láìnì fọ́múlà Tsallis tó o fà sórí gíráàfù project físíìsì ẹ ti gba inú gbogbo dọ́ọ̀tì kọjá, kí ni súpáfáísọ̀ tún ń wá tí wọ́n fi ń bi ẹ́ pé kí ni T, ìyẹn ooru tí fọ́múlà yẹn fún ẹ, túmọ̀ sí. Jọ̀ọ́, má bínú sí wọn. Ohun tí wọ́n ń bi ẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Wo ibi tí àwọn dọ́ọ̀tì yẹn ti wá ná. Ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá lẹ́bàá Geneva, nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí àyíká ẹ̀ tó kìlómítà 27, wọ́n máa ń mú nùkílíọ́ọ̀sì (àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù) òjé sáré wá pàdé ara wọn, láti 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ti òjé yìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún patikú, ìyẹn àwọn ohun tín-tìn-tín tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, ló máa ń tú jáde. Ooru ibẹ̀ ju ti àárín gbùngbùn oòrùn lọ ní ìlọ́po 100,000 ó lé, kó o tó ṣẹ́jú ó ti parí, kò sí tẹmómítà tó lè débẹ̀, àfi ká ka àwọn patikú tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká wo momentum (ìwúwo àti eré pa pọ̀) tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé, ìyẹn pT tó wà lórí gíráàfù ẹ.

Àwọn tí pT wọn kéré ló pọ̀ jù, bó ṣe ń ga sí i ni iye wọn ń já wálẹ̀ kíákíá, fọ́múlà Boltzmann, tó ń sọ bí ohun gbígbóná ṣe ń pín agbára fún àwọn patikú ẹ̀, mọ ìyẹn dáadáa. Hagedorn, onímọ̀ físíìsì kan, tiẹ̀ sọ ní 1965 pé ooru náà ní ààlà, nǹkan bíi 160 MeV (MeV ni ẹyọ agbára tí wọ́n fi ń ka ooru níbẹ̀), tó o bá tún fi agbára kún un patikú tuntun ló máa fi bí, kò ní gbóná sí i. Àmọ́ ìrù gíráàfù yẹn lápá ibi tí pT ti ga kì í já tó bí Boltzmann ṣe wí, torí àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ ooru, quark àti gluon, àwọn patikú inú nùkílíọ́ọ̀sì, tó forí gbárí ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló bí wọn. Ibẹ̀ ni Tsallis, onímọ̀ físíìsì tó ni fọ́múlà ẹ yẹn, ti wọlé, ní 1988 ló gbé fọ́múlà tiẹ̀ jáde ní Bràsíìlì, ó fi nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ q kún un, tí q bá jẹ́ 1 Boltzmann náà lo padà bá, tó bá fi díẹ̀ ju 1 lọ, ìrù yẹn á gbéra sókè. Jean Cleymans, onímọ̀ físíìsì, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Cape Town ṣe gudugudu méje lórí ẹ̀, inú mi sì máa ń dùn pé Áfíríkà wà níbẹ̀.

Láìnì yẹn á wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló bí gíráàfù yẹn, ooru àti ìforígbárí quark àti gluon, fọ́múlà kan wá kó wọn pọ̀. T tó o rí níbẹ̀, ti èwo ni? Fi fọ́múlà mìíràn sí dátà kan náà, T mìíràn lo máa rí.

Ti òjé tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbogbo ohun gbígbóná yẹn máa ń wú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á máa ti patikú síta. Ìwọ náà ti rí èrò tó ń ti ara wọn bọ́ọ́lẹ̀ ní jẹ́tì Ìpakodò láàárọ̀, eré kan náà ni gbogbo wọn ń bá lọ, àmọ́ ẹni tó ru àpò gàrí ló máa gbé ẹ lulẹ̀ tó bá kọlù ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni proton, patikú tó wúwo, ṣe máa ń ní pT ju pion tó fúyẹ́ lọ, á wá dà bíi pé ó gbóná jù ú, bẹ́ẹ̀ wọ́n tì í ni. Tó bá jẹ́ pion nìkan lo lò, o ò lè mọ èwo ni ooru, èwo ni títì.

Torí náà, fit pion, kaon (ìwúwo ẹ̀ wà láàárín àwọn méjì yòókù) àti proton pa pọ̀. Lẹ́yìn náà kó o fi láìnì ẹ pín dátà, dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wò ó bóyá ó dúró sórí 1 tàbí ó ń yẹ̀ níbì kan. Ibi tó bá ti yẹ̀ yẹn ni kó o kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ ní chapter 4, má fi pamọ́ rárá. Tí iná bá dé kó o fi ránṣẹ́ sí mi, màá kà á lálẹ́ náà.

Bá mi kí Màámi, sọ fún wọn pé ẹja wọn ti dé ọwọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ẹ