Fíìmù tí a máa wò ní Sátidé: Dovbush

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Fíìmù tí a máa jọ wò ní Sátidé yìí ni Dovbush, àwọn ará Ukraine ló ṣe é, Oles Sanin ló darí ẹ̀. Ìtàn Oleksa Dovbush ni, olórí àwọn kan tí wọ́n ń pè ní opryshky, orí òkè Carpathian ni wọ́n sá pamọ́ sí, tí wọ́n ń ja àwọn ọlọ́lá Poland lólè torí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn mẹ̀kúnnù ibẹ̀. Ẹ má rò pé àlọ́ lásán ni o! Èèyàn gidi ni, wọ́n yìnbọn pa á ní abúlé Kosmach lọ́jọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1745, àmọ́ nínú ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ńṣe ló dà bí ẹni tó ní ayẹta, ìbọn kì í ràn án bọ̀rọ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ náà ni wọ́n gbé fíìmù yìí jáde ní 2023, ọjọ́ òmìnira Ukraine sì nìyẹn, ogun ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èdè Ukraine ni wọ́n ń sọ, ìtumọ̀ Òyìnbó á wà nísàlẹ̀, torí náà ẹ mú awò ojú yín dání. Ìjà pọ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó àwọn ọmọ kéékèèké wá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ibi tí a máa ń lò náà ni. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó sọ fún wa kó tó di Ọjọ́bọ̀, ká lè mọ iye ohun mímu tí a máa rà.