Ibà Lassa kì í ṣe ìròyìn igun ìwé

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, ojú ewé àkọ́kọ́ àwọn ìwé ìròyìn kò sinmi. Èèyàn 20 ló kó o, 8 nínú wọn kú. Ẹ̀rù bani débi pé àwọn kan ń mu omi iyọ̀, wọ́n tún ń fi wẹ̀. Iyọ̀ yẹn náà pààyàn.

Ibà Lassa wá ńkọ́? Láti ọdún 1969 la ti mọ̀ ọ́n ní Nàìjíríà, ọdọọdún ló sì ń pani, pàápàá ní Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi. Síbẹ̀, igun kékeré lẹ máa ń fún un, iye òkú nìkan lẹ sì ń kà fún wa. Ẹni tó ń sá gààrí sẹ́bàá títì l'Ọ́wọ̀ kò ní rí i kà níbẹ̀ pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń kó àrùn náà sínú oúnjẹ. Ẹni tó lo oògùn ibà tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná kò ní mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló yẹ kó sáré gbà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, ẹ gbé àlàyé yìí sójú ewé àkọ́kọ́. Àwọn olóṣèlú lè sún díẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Àkúrẹ́